Súwẹ́tà Àfọwọ́hun àti Súwẹ́tà Òkìríkà

Àwa ará Òkè-Afá kì í sábà rántí súwẹ́tà, àfi bí òjò oṣù Keje bá rọ̀ mọ́jú tàbí bí ọyẹ́ bá dé. Nígbà náà, ọ̀nà méjì ló wà. Èèyàn lè lọ sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ rí, kó bẹ̀rẹ̀ kó ṣa òkìríkà. Ó sì lè ra òwú àti abẹ́rẹ́ gígùn méjì, kó jókòó hun ún. Mo ti ṣe méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ti owó àti àkókò, òkìríkà ló borí. Láàárín wákàtí kan, mo ti rí súwẹ́tà tó nípọn, tí ojú rẹ̀ dọ́gba ju ohun tí ọwọ́ mi lè hun lọ. Èyí tí mo hun fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó òwú rẹ̀ nìkan sì ju owó òkìríkà mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n òkìríkà kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Bátànì tí mo lò wà nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ìyá mi fi pamọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀: àgùntàn funfun kan dúró láyà súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí nọ́ńbà abẹ́rẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni abẹ́rẹ́ ń tínrín sí i. Nọ́ńbà 8 wọn jẹ́ mìlímítà 4, nọ́ńbà 14 jẹ́ mìlímítà 2. Nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ mìlímítà 5, nítorí náà ẹni tó bá ṣì í mú fún bátànì Gẹ̀ẹ́sì yóò hun aṣọ tó tóbi jù fún ọmọdé. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé ojú ìhun kan fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Mo ya àgùntàn mi sórí ìwé alápòótí bó ṣe wù mí. Nígbà tí mo hun ún tán, ó ti sanra, ó sì kúrú. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti bó ṣe bá ara mu, àwọn àgbà ti sọ ọ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Ọ̀pọ̀ súwẹ́tà òkìríkà jẹ́ ti ìlú yìnyín, ooru wọn pọ̀ jù fún Èkó. Èmi fi òwú kọ́tìnnì hun tèmi, mo wọn apá ọmọ náà, mo sì fi ìṣẹ́po sílẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ kó lè bá a dàgbà.

Bó bá wá gbó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ súwẹ́tà ẹ̀rọ jẹ́ aṣọ tí wọ́n gé kí wọ́n tó rán. Bí o bá tú u, òwú kéékèèké ni yóò máa já sí ọ lọ́wọ́. Àfọwọ́hun kò rí bẹ́ẹ̀. Fa ìdí òwú rẹ̀, yóò máa tú ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi padà di òwú gígùn.

Ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí n dẹ́kun fífi méjèèjì ṣe ọ̀tá ara wọn. Fún òtútù tó dé lójijì, kí èèyàn ra òkìríkà, kò sí àbùkù níbẹ̀. Fún ọmọ tuntun àti ẹni ọ̀wọ́n, kó hun ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àfọwọ́hun kan nínú òkìtì Aswani, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan tí n kò ní mọ̀ láé. Mo rà á, mo tú u, mo fọ òwú rẹ̀, mo sá a. Ó ti wà lórí abẹ́rẹ́ mi báyìí. Àgùntàn kejì ti ní ẹsẹ̀ méjì.