Ẹni Tó Wà Nídìí Ẹ̀rọ Ló Mọ Ibi Tí Ìdọ̀tí Ti Ń Wá

Nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní Business Studies pé ilé-iṣẹ́ máa ń ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, mo rò pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n gbani síṣẹ́, kí wọ́n sì léni lọ. Àṣé wọ́n lè mú kí èéfín àti ìdọ̀tí dín kù pẹ̀lú!

Ẹ jẹ́ ká wo 3M ní Amẹ́ríkà. Àwọn ló ń ṣe Post-it, ìwé kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí tíṣà láíbìrì wa máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Láyé ijọ́un, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ da ìdọ̀tí sílẹ̀, wọ́n á wá máa náwó láti palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ní 1975, 3M bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní 3P. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn wá ọ̀nà tí ìdọ̀tí ò fi ní wáyé rárá. Kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá ní èrò á mú un wá, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa dín ìdọ̀tí kù, kó sì dín ìnáwó kù. Èyí tó bá yege, wọ́n á yẹ́ àwọn tó ni ín sí.

Bí àpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn oníhóró, kẹ́míkà tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń bo ara oògùn. Wọ́n fi omi rọ́pò rẹ̀. Omi lásán o!

Kì í ṣe pé 3M ò lẹ́bi kankan. Ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn máa jáwọ́ nínú ṣíṣe PFAS, kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà nínú omi àti ilẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, torí bàbá mi.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọgbà ni wọ́n ti ń dáná sun ọ̀rá tí wọ́n bá gé kù. Bàbá mi sọ fún ọ̀gá kan pé a lè yọ́ ọ padà, ká fi ṣe òmíràn. Ọ̀gá yẹn ní, "Ṣé ohun tá a torí ẹ̀ gbà ẹ́ síṣẹ́ nìyẹn? Gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ." Bẹ́ẹ̀ bàbá mi jù ú lọ o. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò dá àbá kankan níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ sílé fún họ́lidé, mo sọ ọ̀rọ̀ 3M fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ṣì ní òmíràn lọ́kàn, nípa omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù, tó kàn ń ṣàn lọ sínú gọ́tà lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa sọ ọ́ fún. Wọ́n ní kí n lọ kàwé mi.