Ọmọ tí a kò bí sílé onílù ńkọ́?

Ní Parakou wa níbí, lórílẹ̀-èdè Benin, ọmọ tó bá fẹ́ di onílù ní láti máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ ròde. Ọ̀gá kì í ṣàlàyé púpọ̀ lágbo; á kàn ṣẹ́jú sí i, ọmọ á yí ọwọ́ ìlù padà. Ní Nikki, àwọn gesere tó ń ki ọba Bàrìbá máa ń jogún iṣẹ́ náà nínú ìdílé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ní irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló ń dùn mí. Orin wa sì lè gba ọ̀nà mìíràn: Moussa Mama àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Super Borgou, fi gìtá kọrin Bàrìbá nílùú yìí ní nǹkan bí ọdún 1970. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà olórin máa gba ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ nírọ̀lẹ́, kí ìjọba ìlú sì máa sanwó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà lọ síbi ọdún Gaani àwọn Bàrìbá ní Nikki.