Òótọ́ àbí irọ́? Ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ó ti pẹ́ tí pápá Stoneleigh, ní Warwickshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti máa ń kún lásìkò ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún fún mọ́tò tí ẹ kò lè bá pàdé ní ilé ìtajà ọkọ̀. Kit car ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan á ta ṣásí àti bọ́ọ̀dì fún ọ. Ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti ìyókù, ìwọ lo máa lọ tú wọn lára ọkọ̀ àlòkù, tí wàá sì tò wọ́n pọ̀ nínú gáréèjì rẹ. Àwọn tó ń ṣe é ní ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀ tí kálukú ní: oní-Caterham ní tiwọn, oní-Westfield ní tiwọn, oní-Dutton náà kò gbẹ́yìn. Ibi tí ẹgbẹ́ bá sì ti pọ̀, àhesọ ò ní ṣàì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú díẹ̀ wò.

"Owó-orí ni wọ́n ń sá fún"

Òótọ́ ni, ó kéré tán nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Colin Chapman tó dá Lotus sílẹ̀ gbé ọkọ̀ Lotus Seven jáde ní 1957. Owó-orí gọbọi ni ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tuntun nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní wẹ́wẹ́ kò ní í san án. Òfin wá fi ẹ̀gún kan há ọ̀nà: ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ fi ìwé bí wọ́n ṣe ń tò ó lé oníbàárà lọ́wọ́. Ìtàn tí àwọn oní-Seven máa ń sọ, tí wọn kì í sì í yé rẹ́rìn-ín sí, ni pé ìwé bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀ ni Lotus ń fi síbẹ̀. Ẹni tó rà á á wá kà á láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí VAT dé ní 1973, àǹfààní yẹn pòórá. Ọdún yẹn gan-an ni Lotus fi Seven sílẹ̀ fún Graham Nearn, tó ni Caterham Cars ní Surrey. Bí ó bá ṣe pé owó-orí nìkan ló ń gbé wọn kiri, à bá máa sọ ìtàn wọn bí ohun àtijọ́ báyìí. Caterham ṣì ń ta Seven ní wẹ́wẹ́ títí dòní.

"Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bófin mu"

Irọ́ pátápátá. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún un le ju èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ lójú títì tíì fojú rí lọ. Láti 1998 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa yẹ ọkọ̀ tí ẹni kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò wò kó tó gba nọ́ḿbà. Ní 2009, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní IVA gbapò ti àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ DVSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló ń ṣe é, bí ẹ bá sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ ó mọ ìdí tí orúkọ náà fi ń lé oorun lójú àwọn ènìyàn.

Ẹ mú ti etí irin. Bọ́ọ̀lù kan wà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ibikíbi tí bọ́ọ̀lù náà bá lè kàn lára ọkọ̀ lóde, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí roboto tó mìlímítà 2.5, kó má bàa gé ẹni tí mọ́tò bá kọlù. Orí bóòtù tó yọ síta, ẹsẹ̀ iná iwájú, etí fẹ́ńdà, irin tó di dígí mú: gbogbo wọn ni bọ́ọ̀lù yìí ń béèrè. Ẹnìkan lè fi ọdún méjì to ọkọ̀, kí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dá a padà sílé. Ariwo sàlẹ́ńsà kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́lì 99 lọ. Aago tó ń ka eré kò sì gbọdọ̀ pe eré ọkọ̀ ní kékeré sí bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ibí yìí lẹ ti máa rí iṣẹ́ ẹgbẹ́. Rọ́bà tí wọ́n fi ń bo etí irin, ìdérí orí bóòtù, sítíàrìn tí kò ní igun mímú: àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń rìn láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ẹni tó yege lánàá á dì wọ́n sínú páálí, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí tirẹ̀ kù sọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Pé àwọn kan máa ń tú rọ́bà náà kúrò kí wọ́n tó délé, gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín.

"Lẹ́tà Q lára nọ́ḿbà, ẹ̀gàn ni"

Irọ́ ni, àmọ́ ó ń dun ẹni tó bá fẹ́ tà. Ọkọ̀ tí wọn ò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà ọkọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin tò, ni DVLA, àjọ ìjọba tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ḿbà, ń fún ní Q. Ẹni tó bá gbà á kò lè ra nọ́ḿbà aláràbarà bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan náà ni.

"Pẹ̀lú £250, o ti ní mọ́tò"

Ron Champion, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Oundle ní Northamptonshire, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Haynes tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Àkọlé rẹ̀ gan-an ló sọ pé ènìyàn lè fi ohun tó kéré tó £250 kọ́ sports car fúnra rẹ̀. Kò sí ṣásí tí wọ́n máa tà fún ọ: irin onígun mẹ́rin ni wàá lọ rà, wàá gé e, wàá jó o pọ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán, wàá sì gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ford Escort ògbólógbòó lé e. Locost ni wọ́n sọ irú ọkọ̀ náà, ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà sì dìde.

Lásìkò yẹn, ẹni tó mọ irin jó, tó sì lẹ́nu láti ná ọjà, ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí òótọ́ fún un. Lónìí, irọ́ ni. Escort tí wọ́n ń tú palẹ̀ nígbà náà ti di ohun ìṣura, olówó ló ń rà á báyìí láti tún un ṣe. Wọ́n sá lọ bá Ford Sierra, ìpẹtà jẹ Sierra tán. Mazda MX-5 ni ọ̀pọ̀ ń tú báyìí. Owó ìdánwò IVA nìkan sì ti ju £250 lọ, kí ẹ tó ra bóòtù kan.

Síbẹ̀, mi ò ní pe Champion ní òpùrọ́. Ìwé rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fọwọ́ kan sípánà rí wọnú gáréèjì, owó tí wọ́n wá ná sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti ìyàwó wọn.

"Ayédèrú ni gbogbo wọn"

Irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwòkọ AC Cobra tí wọ́n fi fàíbà ṣe pọ̀ bí nǹkan míì, àwọn kan sì máa ń gbé bọ́ọ̀dì tó jọ Ferrari bo Toyota MR2 lórí. Èmi ò fẹ́ràn ti Ferrari yẹn. Ó máa ń rí bí ẹni tó wọ agbádá àyálò lọ sóde, tó ń fi gbogbo ìgbà wo ẹ̀yìn bóyá olówó aṣọ ń bọ̀. Ti Cobra yàtọ̀: ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ sọ fún ọ pé òun lòun tò ó, ìyẹn gan-an ló sì ń mú orí rẹ̀ wú.

Ọkọ̀ Ultima ni kí ẹ máa fi dá wọn lóhùn. Nígbà tí McLaren ń ṣe F1, ọkọ̀ tó wá sáré dé máìlì 240 ní wákàtí kan ní 1998, ibo ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán jíà àti ẹ́ńjìnnì BMW rẹ̀ wò? Nínú ọkọ̀ Ultima méjì ni, kit car láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Albert ni wọ́n sọ ọ̀kan, Edward ni wọ́n sọ èkejì. Àwọn oní-Ultima kì í jẹ́ kí ẹ mu tíì yín tán kí wọ́n tó sọ ìtàn yìí fún yín.

"Ó máa ń dá nìkan wà nínú gáréèjì bí aṣọgbó"

Ìdajì òótọ́. Nínú òtútù oṣù Kínní, tí waya ò bá mọ ibi tó ń lọ, kò sí ẹgbẹ́ tó lè gba ìyà yẹn jẹ fún ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tí ọwọ́ ẹyọ kan ò ká. Ẹ wo bíréèkì nígbà tí wọ́n bá ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù rẹ̀. Ẹnìkan á jókòó sínú ọkọ̀, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹnìkejì á dùbúlẹ̀ sẹ́bàá táyà, á fi sípánà tú ihò kékeré kan, òróró á ru jáde pẹ̀lú ìfóófòó. "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Má tíì fi sílẹ̀!" Á tún ihò náà dì kó tó ní kí ẹni òkè gbẹ́sẹ̀. Bí ẹni òkè bá yára gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ ìyàwó, ó di ti ọmọ ẹgbẹ́.

Ilé ọtí ni ẹgbẹ́ agbègbè sábà ti ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí wọ́n á to ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níta, tí wọ́n á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ní kíréènì tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, nítorí kò sí ìdí fún ènìyàn ogún láti ra ogún rẹ̀. Àwọn oní-Caterham ní èdè tiwọn: blat ni wọ́n ń pe kí ènìyàn fi ọkọ̀ ṣeré lọ lójú ọ̀nà ìgbèríko, tin-top sì ni gbogbo mọ́tò tó ní òrùlé, títí kan èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ohun tó máa ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu jù ni pé ọmọ ogún ọdún á máa pe bàbá ẹni àádọ́rin lórúkọ gán-an-gán, bàbá á sì dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí ọmọ náà mọ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ju òun lọ.

"Caterham àti Westfield ò lè jọ jókòó"

Ó ti fìgbà kan jẹ́ òótọ́ níwájú adájọ́: Caterham gbé Westfield lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọdún 1980 sí 1989, torí ọkọ̀ Westfield jọ Seven jù. Wọ́n parí ẹ̀, Westfield sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ní Stoneleigh, yẹ̀yẹ́ ló kù. Oní-Westfield á ní òun ò sanwó orúkọ, oní-Caterham á ní ó hàn lára ọkọ̀.

"Òjò ni ọ̀tá wọn"

Òótọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

"Kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ wa"

Irọ́. Ta ló kọ́ bọ́lẹ́kájà? Ṣásí àti ẹ́ńjìnnì Bedford àti Austin ló ń wọlé láti òkè òkun, káfíńtà ìlú ló ń fi igi kan bọ́ọ̀dì lé e, ayàwòrán á wá kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú. Àwọn jórinjórin Èkó náà ló sọ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 di mólùè. Ní 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, sọ Volkswagen ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti afẹ́fẹ́ rìn. Ọgbọ́n wà. Ohun tí kò sí ni ẹgbẹ́ tó ń ṣe é fún fàájì: oúnjẹ òòjọ́ ni mólùè jẹ́ fún ẹni tó kọ́ ọ, kì í fi gbé ìyàwó jáde lọ́jọ́ Àìkú.

"Tó bá ti ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ti kúrò lẹ́gbẹ́"

Irọ́. Ọ̀pọ̀ kit car ni wọ́n ń tà láì parí. Ọmọ dé, iṣẹ́ bọ́, ẹ̀yìn ń dunni, ṣásí á wà lórí igi nínú gáréèjì títí oníbàárà á fi yọjú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ fún opó iye tí ọkọ̀ náà tó, kí oníjìbìtì má bàa fi owó yẹpẹrẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rà á á gba fáìlì ńlá kan mọ́ ọn: rìsíìtì, fọ́tò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán waya tí wọ́n fi bírò yà. Ẹni tó tà á á sì tún máa yọjú sílé ọtí lóṣooṣù. Oníbàárà tuntun ṣì ní ìbéèrè láti bi í nípa waya pupa kan tí kò sí nínú àwòrán.