Ṣé O Mọ Wọ́lábì Parma?

Ṣé o mọ̀ pé ẹranko kan wà tí wọ́n ti kà kún òkú rí ní Ọsirélíà, tí àwọn ẹlòmíì sì ń yìnbọn pa á nígbà náà bí aṣèbàjẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn? Wọ́lábì Parma ni. Ìbátan kangarúù tí kò ga ni wọ́lábì, Parma yìí ló sì kéré jù nínú ẹ̀yà tirẹ̀. Àgbà rẹ̀ kì í tó kílò 6.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ni wọ́n fi ń dá a mọ̀? Ìlà funfun kan là kọjá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kọ ilà fún. Ọ̀fun àti àyà rẹ̀ náà funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bí eérú tó pọ́n díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í ju hóró ẹ̀pà lọ nígbà tí ìyá bá bí i? Oyún nǹkan bí ọjọ́ 35 péré ni. Kò ní irun, kò ríran, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ wọ́ láàárín irun ìyá rẹ̀ títí yóò fi dé inú àpò ikùn, tí yóò sì gbá ọmú mú. Ó tó oṣù méje kó tó kúrò níbẹ̀. Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta, ìyanu rẹ̀ kò tíì tán lára mi.

Ṣé o mọ ẹni tó gbà á là láìmọ̀? George Grey, Gómìnà New Zealand tẹ́lẹ̀, ni. Ní nǹkan bí ọdún 1870, ó kó wọ́lábì lọ sí Kawau, erékùṣù rẹ̀ ní New Zealand. Wọ́n bí sí i, wọ́n ń ba oko àti igi jẹ́, àwọn ènìyàn sì ń pa wọ́n. Ọdún 1965 ni wọ́n tó mọ̀ pé Parma tó ti sọnù wà láàárín wọn. Wọ́n sáré dá pípa dúró, wọ́n sì kó púpọ̀ lọ sí ọgbà ẹranko káàkiri ayé.

Èyí tó wá dùn jù: ní 1967, wọ́n rí i nílé gan-an ní Ọsirélíà, nínú igbó nítòsí Gosford, ní New South Wales. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà!

Ṣé o mọ ọ̀tá rẹ̀? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí àwọn òyìnbó kó wọ Ọsirélíà láti máa fi ṣe eré ọdẹ. Nígbà tí wọ́n dá Parma padà sí igbó kan nítòsí Robertson ní 1988, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n rí ibẹ̀ gbé. Iná ńlá ọdún 2019 sí 2020 tún jó púpọ̀ nínú igbó wọn.

Lọ́sàn-án, abẹ́ igbó dídí ni Parma máa ń sá sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á pa apá mọ́ àyà, á máa fò gba ojú ọ̀nà tóóró tó ti là láàárín ewé, òun nìkan, lọ síbi tí koríko wà.