Etí Àwọ̀ Lára Ọkọ̀ Kékeré

Iṣẹ́ kíkun mọ́tò ni mo kọ́ ní Àkúrẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́mẹ̀kun, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ kéékèèké tó ṣeé gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀gá mi kì í wo ibi tí a kun. Ibi tí a bò ló ń wò: gíláàsì, iná, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Tí ọ̀dà bá kàn án, a ó tún un ṣe. Pépà tépù tí a ń lò, àwọn tó ń kun mọ́tò ni wọ́n torí wọn ṣe é. Richard Drew, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1925, nígbà tí mọ́tò aláwọ̀ méjì gbòde, tí ohun tí wọ́n fi ń bo ara mọ́tò sì ń ṣí ọ̀dà tuntun kúrò.

Ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì mi báyìí ni Ara, ọkọ̀ ológun tí ilé iṣẹ́ Proforce ní Òde Rẹ́mọ ṣe. Tèmi kéré sí i ní ìlọ́po 35. Òfin Nàìjíríà kò gba aráàlú láàyè láti wọ aṣọ kámò, nítorí náà mi ò ṣe àfarawé ti ọmọ ogun wa. Mo yan àwọ̀ fúnra mi: ewé igbó, pupa ilẹ̀ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó, àti eérú òkúta Ìdànrè. Iṣẹ́ kámò ni láti fọ́ ìrísí nǹkan, kí ojú má lè tọ igun rẹ̀ délẹ̀. Ọdún 1915 ni àwọn ọmọ ogun Faransé kó àwọn ayàwòrán jọ sí ẹgbẹ́ kan nítorí iṣẹ́ yìí.

Etí ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé ló ń dá mi lọ́wọ́ dúró jù. Ká ní lára ọkọ̀ gidi, àwọ̀ kan ń wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀ fún sẹ̀ǹtímítà 5. Lára tèmi, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 1.4 lọ. Tí ó bá fẹ̀ tó mìlímítà 5, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 17 ààbọ̀ lára ọkọ̀ gidi nìyẹn, ẹni tó bá sì wò ó yóò mọ̀ lójú kan náà pé ohun ìṣeré ni. Airbrush, gọ́ọ̀nù kékeré tí à ń dì mú bíi bírò, lè ya ìlà tínrín, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè mú kí gbogbo etí dọ́gba. Ohun tí a fi bò ó ló ń ṣe èyí.

Tí mo bá fẹ́ etí tó mú, tépù ni mo ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo á kọ́kọ́ tún fọ́n àwọ̀ ti ìsàlẹ̀ sí etí tépù náà, kó dí gbogbo àlàfo, kí n tó fọ́n àwọ̀ tuntun. Fún etí tó rọ̀, bébà ni mo ń gé, mo á sì fi Blu-Tack, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, gbé e sókè díẹ̀. Bí ó bá ṣe ga tó ni etí ṣe ń rọ̀ tó. Òòró gan-an ni kí gọ́ọ̀nù kọjú sí i. Tí ó bá dagun, ọ̀dà á wọ abẹ́ bébà. Agbára afẹ́fẹ́ PSI 15 láti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lo ẹní rọ́bà ní ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti fi kun kámò ara ọkọ̀ òfuurufú Spitfire. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọṣẹ́. Àwọn ọkùnrin aládìrẹ ibẹ̀ ń gé iṣẹ́ ọnà sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Páànù ń júwe ibi tí nǹkan yóò gbà, ẹ̀kọ ń dáàbò bo ibi tí aró kò gbọdọ̀ dé: irinṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣe àdìrẹ Ọlọ́ba, tó jáde nítorí ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya tiwọn láìlo páànù, ó sì rẹwà púpọ̀.

Fíìmù X-ray àtijọ́ ni èmi ń gé dípò páànù, torí pé mo lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀, àmọ́ àpẹẹrẹ kan náà ló máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, ojú sì tètè ń mọ̀ ọ́n.

Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ fọ́n, a ó wá máa lọ sí èyí tó dúdú. Lásìkò òjò, omi máa ń kó sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Tí a kò bá tú u dànù, á bá ọ̀dà jáde, á sì ba ojú iṣẹ́ jẹ́. Tépù náà kò gbọdọ̀ pẹ́ lára ọkọ̀. Kí ọ̀dà tó gan, mo á ká a padà sórí ara rẹ̀, jẹ́jẹ́, láì fà á sókè. Táyà ni mo ń kun kẹ́yìn.