Ṣé o mọ̀? Bùráúsà rẹ náà ní ìtẹ̀ka

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn ìka tí o tẹ̀ fún NIN, bùráúsà inú fóònù rẹ ní ìtẹ̀ka tirẹ̀? Bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, èdè tí o yàn, aago tó ń lò: ojú òpó ayélujára lè kó gbogbo wọn jọ, kó sì fi dá ọ mọ̀ láìbéèrè orúkọ rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọdún 2010, Peter Eckersley ti EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára ní Amẹ́ríkà, yẹ bùráúsà 470,161 wò? Nínú wọn, 83.6% ni kò ní ẹnìkejì!

Má tíì bẹ̀rù jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé yẹ ìtẹ̀ka 2,067,942 wò, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2018, 33.6% ló dá yàtọ̀. Ti fóònù tilẹ̀ kéré sí i, 18.5% péré.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò sí nínú aago fóònù rẹ, tí Ìlobù kò sí, tí Àbújá pàápàá kò sí níbẹ̀? "Africa/Lagos" ni bùráúsà ń pe aago gbogbo Nàìjíríà, nítorí náà, nílé, o wà láàárín èrò. Ṣùgbọ́n gbé kọ̀ǹpútà rẹ lọ sí London láìyí aago rẹ̀ padà, kíá lo dá yàtọ̀.

Èyí á yà ọ́ lẹ́nu: bí o bá fi Yorùbá ṣe èdè àkọ́kọ́ nínú bùráúsà rẹ, gbogbo ojú òpó tí o bá yà sí ló lè gbọ́ "yo" lẹ́nu rẹ̀. Èdè tó kún ọjà Ìfọ́n fọ́fọ́ wá di àmì tó ṣọ̀wọ́n lórí ayélujára, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi sílẹ̀ nínú fóònù; bí ọ̀pọ̀ wa bá yan Yorùbá, àmì náà á sọnù sínú èrò.

Kọ̀ǹpútà tún mọ Yorùbá oríṣi méjì: yo-NG fún Nàìjíríà, yo-BJ fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èwo lo rò pé ó ṣọ̀wọ́n jù?

Ta ló rò pé bátìrì lè ṣòfófó? Ní 2015, àwọn olùwádìí fi hàn pé iye iná tó kù nínú bátìrì tó láti tọpa èèyàn fún ìgbà díẹ̀ láti ojú òpó kan dé òmíràn. Nígbà tó di 2017, Firefox ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ṣé o mọ̀ pé ojú òpó lè ní kí fóònù rẹ ya àwòrán tí ìwọ fúnra rẹ kò ní fojú rí? Keaton Mowery àti Hovav Shacham fi hàn ní 2012 pé àwòrán kan náà kì í jáde bákan náà lára gbogbo ẹ̀rọ, ìyàtọ̀ bíńtín yẹn sì tó fi dá ẹ̀rọ mọ̀.

Ìwọ tí o ń sá sínú Incognito, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú Chrome, gbọ́: ibi tí o lọ ló ń pa rẹ́ lórí fóònù tìrẹ, kì í pa ìtẹ̀ka rẹ́. Ní 2024, àkọsílẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ni Google gbà láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí Incognito yìí.

Ní 2019, Google ní títọpa èèyàn nípa ìtẹ̀ka bùráúsà kò dára. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2025, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún àwọn olùpolówó, ICO, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò dátà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Opera Mini ńkọ́, tó ń bá wa ṣọ́ dátà jẹ? Bí o bá yan ọ̀nà tó ń fún dátà pọ̀ jù lọ, ẹ̀rọ Opera ló ń lọ mú ojú ìwé wá fún ọ: ojú òpó kò rí ọ tán, ṣùgbọ́n Opera rí ohun tí o ń kà.

Ṣé o mọ̀ pé ààbò tó dájú jù ni kí o jọ gbogbo èrò? Bí àwọn olùsìn Òrìṣà Olúfọ́n ṣe ń wọ funfun báláú, tí ẹni tó wà lókèèrè kò fi lè mọ lágbájá yàtọ̀ sí tàmẹ̀dò, bẹ́ẹ̀ ni Tor Browser ń fi aṣọ kan náà wọ gbogbo ẹni tó ń lò ó.

Àní aago Ìfọ́n ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn nínú Tor! Aago Greenwich ló ń sọ fún gbogbo ojú òpó, ibi yòówù kí o jókòó sí.

Ọgbọ́n tí Brave ní tún yàtọ̀: ó ń yí ìtẹ̀ka rẹ padà díẹ̀díẹ̀ láti ojú òpó kan sí òmíràn. Safari ní tirẹ̀ ń fi kìkì lẹ́tà tó bá ẹ̀rọ wá hàn, kí gbogbo wọn lè jọra.

Ṣé o mọ̀ pé òfin Nàìjíríà wà lẹ́yìn rẹ? Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023 ka àmì ìdánimọ̀ orí ayélujára mọ́ dátà tó jẹ́ ti ara ẹni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ.

Ó yá, ọwọ́ rẹ ló kù. Lọ sí coveryourtracks.eff.org lálẹ́ òní, wo bí bùráúsà rẹ ṣe dá yàtọ̀ tó. Má kó àfikún (extension) jọ sínú rẹ̀ láìnídìí, gbé Firefox, Brave tàbí Tor Browser yẹ̀ wò, kí o sì kọ́ àwọn ará ilé rẹ náà.