Ìbọn Ìṣeré Tó Jọ Ìbọn Gidi: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Á Fi Òfin Dè É?

Bí ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ tàbí ọdún Iléyá bá dé ní Ìlọrin, àwọn ọmọdé a wọ aṣọ tuntun, wọn a fi awò dúdú sójú, púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin a sì gbé ìbọn oníke lọ́wọ́. Owó ọdún tí àwọn òbí àti ẹbí fún wọn ni wọ́n fi ń rà á. Ojú wa ti rí i títí ó ti di ara ọdún. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bóyá ó yẹ kí ìjọba fi òfin de èyí tí ó jọ ìbọn gidi tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò fi lè fojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ohun èlò eré. Kí ike tó dé rárá ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń fi igi ṣe ìbọn, tí wọ́n ń ṣe eré ogun. Kò sí ẹni tí í sá fún ọmọ tí ó gbé igi kọ́ èjìká tí ó ń fẹnu pariwo ìbọn, nítorí ojú rí i pé igi ni. Ní tiwa, a kò gbà pé eré ogun ní í sọ ọmọ di adigunjalè. Ìjọra gan-an ni ẹjọ́ wà.

Òwe kan wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí á kọ ìbọn sí òun?" Kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wo òwe yìí. Kò béèrè bóyá ìbọn náà pé tàbí kò pé. Ẹni tí a kọ ìbọn sí ni ọ̀rọ̀ ń bá wí, olúwarẹ̀ kò sì ráyè yẹ ìbọn wò. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Ọ̀fà, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 30, ọlọ́pàá sì wà lára wọn. Ẹni tí ó gbọ́ ìró ìbọn ọjọ́ náà kò ní dúró béèrè bóyá ike ni.

Kí ni òfin ilẹ̀ wa wí? Òfin Ìbọn ọdún 1959 ń sọ nípa ohun tí ó lè yọ ọta jáde tí ó sì lè pani. Ike kò sí níbẹ̀. Òfin ìdigunjalè ọdún 1984 ní kí ẹni tó jalè láìmú ohun ìjà dání lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ṣùgbọ́n ikú ni fún ẹni tó gbé ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn. Ibo ni olè tó gbé ìbọn oníke wá bọ́ sí? Àríyànjiyàn àwọn amòfin nìyẹn. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni ti àwọn aṣọ́bodè: ìbọn tí a dá bí ohun mìíràn wà nínú àtòjọ ẹrù tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, ṣùgbọ́n àtòjọ náà kò dárúkọ ohun mìíràn tí a dá bí ìbọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2007: a kò gbọdọ̀ ṣe ayédèrú ìbọn tó jọ ti gidi, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ kó o wọlé, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò tàbí tí a lè rí inú rẹ̀ kò sí nínú ẹjọ́ náà. Ní Afghanistan, ìjọba fòfin de ìbọn ìṣeré ní 2015 lẹ́yìn tí ọta oníke ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe, pàápàá lójú, nígbà ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: láti 1988 ni òfin ti ní kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àmì aláwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n àmì ṣeé yọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2014, ní Cleveland, Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí kò ní àmì mọ́ ṣeré. Ẹni tó pe ọlọ́pàá sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà má jẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ yìí kò dé etí àwọn tí a rán lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n yìnbọn fún un. Ó kú ní ọjọ́ kejì.

Àwọn kan yóò ní òfin kò ní ṣiṣẹ́, wọn kò sì jayò pa. Lọ́pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá ń kéde pé àwọn ti fòfin de bángà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dún ní gbogbo àdúgbò. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ẹnu ibodè ni kí òfin ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje tàbí lórí àtẹ ìyá tó ń tajà ní Ọjà Ọba. Kí ìbọn aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí èyí tó ń tú omi máa wọlé. Kí èyí tó dúdú bí ti sójà dúró síta.

Ẹ̀ka tiwa náà kò gbọdọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba eré orí ìtàgé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí eré tó dá lórí ogun kò lè ṣe láìsí ìbọn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìbọn eré gun ọ̀kadà láti Ìpàtà dé gbọ̀ngàn kò sí lórí ìtàgé nígbà náà. Inú àpò tí a so ẹnu rẹ̀ ni kí ó wà, kí olùkọ́ tó ń darí eré kà á kí wọ́n tó gbé e jáde, kí ó sì tún un kà nígbà tí wọ́n bá kó o padà.